Àpótí Ẹja Onígíláàsì Nínú Ilé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀

Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú pálọ̀ mi n'Íbàdàn. Àwọn ìbéèrè tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn àlejò, àwọn ìbátan àti àwọn tí wọ́n lọ ra àpótí tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n rí tèmi máa ń bi mí jù. Ẹja ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì í pẹ́ kí ó tó padà sórí omi, nítorí pé inú omi ni ẹja ti ń jẹun, inú rẹ̀ ni ó ti ń mí, inú rẹ̀ náà ni ó sì ń yàgbẹ́ sí.

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí kékeré kí n má baà náwó púpọ̀?

Àpótí kékeré gan-an ló ń ṣòro jù. Bí ẹja kan bá kú lóru sínú lítà 10, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi náà ti lè di májèlé fún àwọn yòókù. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú lítà 50, ẹ óò ṣì ráyè tún un ṣe. Àpótí tí mo máa ń ní kí wọ́n rà ni èyí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí ó sì ga ní 30. Lítà 54 ni ó ń gbà bí omi bá kún un dé ẹnu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti da iyanrìn sí i tí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, nǹkan bíi lítà 45 ni omi inú rẹ̀ yóò jẹ́. Abọ́ roboto tí wọ́n ń fi goldfish sí nínú fíìmù kò yẹ fún ẹja kankan.

Ẹ ro ti ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú. Kílò kan ni lítà omi kan, nítorí náà àpótí yìí, pẹ̀lú omi, iyanrìn àti gíláàsì rẹ̀, yóò tó kílò 60 ó kéré tán, tábìlì tí a ń gbé tẹlifíṣọ̀n lé kì í sì í sábà gbà á. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà tàbí wẹ́dà ṣe tábìlì tí ó lágbára fún un, kí ẹ sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ àpótí kí ẹyọ òkúta kan má baà là á. Kí n tó da omi kún un, mo máa ń kọ́kọ́ bu ìwọ̀nba tí ó ga tó ìka méjì sí i, n óò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú omi náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ga ní igun kan ju òmíràn lọ, a jẹ́ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú, n óò sì da omi náà nù kí n tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe.

Ibo ni ó yẹ kí ó wà nínú ilé?

Ibi tí oòrùn kì í ràn sí tààrà, tí kò sì sún mọ́ fèrèsé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé. Kí ó sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí wáyà rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ wálẹ̀ kí ó tó gòkè lọ síbẹ̀, kí omi tí ó bá ń ṣàn bọ̀ lára wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kí ó wọ inú iná.

Àwọn ohun èlò wo ni n kò gbọ̀dọ̀ ṣe aláìní?

Fílítà ni àkọ́kọ́. Fún àpótí tí kò ju lítà 60 lọ, fílítà onífóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń gbé ṣiṣẹ́ ti tó. Fóòmù kan ni, tí páìpù kékeré wà láàárín rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń hó gòkè nínú páìpù náà ni ó ń fa omi gba inú fóòmù kọjá. Kò wọ́n, kò lè fa ọmọ ẹja mì, ó sì tún ń fún omi ní afẹ́fẹ́. Ẹ gbé pọ́ǹpù sí ibi tí ó ga ju ojú omi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí iná bá lọ, omi lè gba inú rọ́bà rẹ̀ ṣàn padà sórí kápẹ́ẹ̀tì yín.

Ẹ óò tún nílò ìdérí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹja ló ń fò, tamọ́mítà, rọ́bà tí ẹ óò máa fi fa omi, òògùn tí a ń kán sínú omi láti fi dán an wò, àti garawa kan tí ọṣẹ kò kàn rí. Mo fi ọ̀dà pupa kọ "TI ẸJA" sára tèmi, síbẹ̀ mo ṣì ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tí ń fọṣọ. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná kò pọn dandan nílẹ̀ Yorùbá: láàárín ìwọ̀n Celsius 26 sí 30 ni omi tèmi máa ń wà fúnra rẹ̀, àfi nígbà ọyẹ́ tí ó máa ń tutù díẹ̀ lóru.

Irú omi wo ni kí n lò?

Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní chlorine tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀. Chlorine yìí ń jó ẹ̀yà ara tí ẹja fi ń mí. Bí ẹ bá pọn omi náà sínú garawa, tí ẹ kò dé e, tí ẹ sì jẹ́ kí pọ́ǹpù máa hó nínú rẹ̀ fún wákàtí 24, chlorine yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Omi bohóòlù tí a kò fi òògùn sí kò ní chlorine, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti abẹ́ ilẹ̀, ọ́síjìn inú rẹ̀ kéré, nítorí náà òun náà nílò kí ó sùn mọ́jú nínú garawa kí a tó lò ó. Ní Èkó àti àwọn ìlú etí òkun, omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń kan, ìyẹn ni pé pH rẹ̀ (òǹkà tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó) kì í tó 7, ó sì lè ní irin tí ń sọ ọ́ di pupa bí ó bá ti rí afẹ́fẹ́. Ohun tí mo ń ṣe sí omi tí ó bá kan jù ni pé mo máa ń se ìkarahun ìgbín, n óò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, n óò dì í sínú àpò àwọ̀n, n óò sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yòrò, díẹ̀díẹ̀ náà ni ó sì ń gbé pH sókè. Ẹ ṣe èyí kí ẹja tó wọlé. Bí ẹ bá ṣàdédé gbé pH sókè nínú àpótí tí omi rẹ̀ ti dọ̀tí, amóníà (májèlé tí ó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja wá) tí kò lè pa ẹja nígbà tí omi ṣì kan lè di èyí tí ń pa á láàárín wákàtí díẹ̀.

Omi òjò kò ní èròjà ilẹ̀ nínú tó, pH rẹ̀ sì máa ń ṣe ségesège. Ẹ lè pò ó mọ́ omi mìíràn, àmọ́ kì í ṣe òjò àkọ́rọ̀ tí ó fọ eruku orí pánù wálẹ̀. Àwọn kan ń béèrè nípa píọ̀ wọ́tà. Ẹ ṣírò rẹ̀: láìlo ọ̀rá 90 oní-ìdajì-lítà, ẹ kò lè kún lítà 45.

Kí ló dé tí wọ́n ní kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó kó ẹja sí i? Omi mi mọ́ gaara.

Èmi náà kọ́kọ́ kó ẹja 12 sínú omi ọjọ́ kan, omi náà sì mọ́ bí omi orísun. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, mo sì lọ bá ẹni tí ó tà wọ́n fún mi jà. Kò jẹ̀bi.

Ìgbẹ́ ẹja, ìtọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù ló ń di amóníà nínú omi. Ojú kò lè rí i, ìwọ̀nba tí ó sì ń pa ẹja kì í rùn sí wa nímú. Nínú odò, omi ń gbé e lọ; nínú àpótí, kò sí ibi tí yóò gbà lọ àfi bí àwọn kòkòrò àìfojúrí kan bá wà níbẹ̀ tí yóò jẹ ẹ́. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ nínú wọn ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Ọ̀wọ́ kejì ń sọ nitrite di nitrate, tí kì í pa ẹja bí kò bá pọ̀ jù, tí a sì ń fi pípàrọ̀ omi dín kù. Ara fóòmù fílítà, iyanrìn àti òkúta ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sì sábà ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó.

Ẹ da omi sí àpótí, ẹ tan fílítà kí ó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kí ẹ sì máa fi ìka méjì já oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń dán omi wò, ẹ óò rí i pé amóníà kọ́kọ́ gòkè. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ bí nitrite ti ń gòkè, ìgbà yìí ni sùúrù sì ń tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé nitrite lè wà lókè fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí ó tó rẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí amóníà bá jẹ́ 0, tí nitrite jẹ́ 0, tí nitrate sì ti fara hàn, omi yín ti gbó, bí a ti ń sọ pé iṣu gbó. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ yẹ pH wò, torí pé iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá bí pH bá lọ sísàlẹ̀ 6.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí kò ní ẹ̀tàn nínú: bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí àpótí rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹja rẹ̀ kò sì ṣàìsàn, ẹ tọrọ fóòmù fílítà rẹ̀ kan, tàbí kí ó kàn fún un sínú omi yín. Omi dúdú tí yóò jáde náà kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ṣe iyebíye ju òògùn inú ìgò lọ.

Ẹja wo ni ó dára fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, mélòó sì ni?

Guppy ni mo máa ń dárúkọ ṣáájú. Ó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń gba ìnira díẹ̀ mọ́ra, akọ rẹ̀ sì ní ìrù aláràbarà tí ń fẹ́ bí gèlè. Akọ nìkan ni kí ẹ rà bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ. Abo ń bímọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, ó sì lè fi àtọ̀ akọ pamọ́ sínú ara fún oṣù mélòó kan, nítorí náà abo kan ṣoṣo tí ẹ rà láìra akọ lè kún àpótí yín fún ọmọ. Nínú lítà 45, akọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó. Ẹ kọ́kọ́ kó mẹ́ta sí mẹ́rin wọlé, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn tó kù tó tẹ̀ lé wọn.

Betta náà dára, àmọ́ akọ kan ṣoṣo ni nínú àpótí, nítorí pé bí akọ méjì bá pàdé, ìjà ni títí tí ọ̀kan yóò fi fara gbọgbẹ́. Ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń kó o sínú ike kékeré. Pé ó ń yè níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Mo máa ń ní kí ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ má tíì ra neon tetra: omi tí kò ní èròjà púpọ̀, tí kò sì gbóná jù, ni ó fẹ́, ooru 30 sì ń fìyà jẹ ẹ́. Goldfish fẹ́ omi tútù, ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Oscar tí ẹ rà bí ọmọ ìka yóò tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ọmọ ẹja àrọ̀ ńkọ́? Oko ẹja ni ibùgbé rẹ̀. Nínú pálọ̀, yóò jẹ gbogbo àwọn tí ẹ bá kó tì í.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwa tí a wà nílé kì í sábà sin ẹja tiwa. Pelvicachromis pulcher, tí àwọn ará òkè òkun ń pè ní kribensis, jẹ́ ìbátan epìyà, gúúsù Nàìjíríà ni ó sì ti wá. Akọ rẹ̀ ń tó sẹ̀ǹtímítà 10, abo kò tó bẹ́ẹ̀. Tọkọtaya kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sínú àpótí yìí, láìsí ẹja mìíràn, kí ẹ sì da ojú àpáàdì ìkòkò amọ̀ kan délẹ̀ bí ihò fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn abo yóò pọ́n títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di elése àlùkò, yóò sì máa gbọn ara rẹ̀ níwájú akọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wọnú àpáàdì tí kò ní jáde mọ́ àfi láti jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ óò rí i tí ó ń kó ọmọ bí ogójì jáde, tín-ín-tìn-ìn bí orí abẹ́rẹ́, tí bàbá wọn ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, tí ó sì ń fẹnu he èyí tí ó bá yà kúrò lọ́nà padà sáàárín ẹgbẹ́. Fundulopanchax gardneri náà jẹ́ ti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n bí ìdérí bá ní àlàfo tí ó tó ìka kan, orí ilẹ̀ ni ẹ óò ti bá a.

Báwo ni kí n ṣe kó wọn wọlé láti ọjà?

Ẹ gbé ọ̀rá náà lé ojú omi fún ìṣẹ́jú 20 kí ooru méjèèjì lè dọ́gba. Ẹ tú u, kí ẹ máa fi kọ́ọ̀bù kékeré bu omi àpótí sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí omi inú ọ̀rá yóò fi di ìlọ́po méjì. Àwọ̀n ni kí ẹ fi kó ẹja náà. Ẹ má da omi ọjà sínú omi yín.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Ṣé ẹja kò ní kú?

Ẹja díẹ̀ nínú omi púpọ̀ lè fara da wákàtí bíi mélòó kan láìsí pọ́ǹpù. Ibi tí ìṣòro wà ni pé bí omi bá ti ń gbóná sí i ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù, a kò sì le bọ́ lọ́wọ́ ooru. Pọ́ǹpù kékeré onígbátìrì tí a lè gba iná sí wà lọ́jà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí iná bá lọ. Bí ẹ bá ní ínfátà, pọ́ǹpù kò jẹ iná tó gílóòbù kan. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ nígbà tí kò sí iná. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń yanu wá afẹ́fẹ́ lójú omi, ẹ máa fi kọ́ọ̀bù bu omi náà sókè kí ẹ sì máa dà á padà láti òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọmọ ilé ni èyí, inú wọn sì máa ń dùn sí i.

Ìgbà mélòó ni kí n máa fún wọn lóúnjẹ?

Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Búrẹ́dì kọ́. Oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù kò ná wa ní kọ́bọ̀: tanwíjí. Mo máa ń gbé garawa omi òjò sí ẹ̀yìnkùlé, n óò fi asẹ́ kékeré kó tanwíjí inú rẹ̀, n óò ṣan án, n óò sì dà á fún wọn. Ẹ máa kó o tán ní ọjọ́ méjì méjì, kí ẹ sì da omi tó kù nù, torí pé bí ẹ bá gbàgbé garawa náà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn ni ẹ ń sìn fún gbogbo àdúgbò.

Báwo ni kí n ṣe máa pàrọ̀ omi, kí n sì máa fọ fílítà?

Ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà ni kí ẹ máa fà kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà náà gbá ìdọ̀tí orí iyanrìn, kí ẹ sì fi omi tí ó ti sùn mọ́jú dípò rẹ̀. Omi tí ẹ fà dára fún ẹ̀fọ́ àti ata. Ẹ má kó gbogbo omi dànù láé, ẹ má sì fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọṣẹ: inú garawa omi àpótí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ni kí ẹ ti fún un lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ní oṣooṣù. Bí ó bá mọ́ bí tuntun, ẹ ti fọ àwọn kòkòrò yẹn lọ.

Ṣé mo lè gbin ojú oró sínú rẹ̀?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fa nitrate mu, àwọn ọmọ ẹja sì ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ kí ó máa lékè omi náà ni yóò ṣe nínú ilé, yóò bo ojú omi pátápátá bí ẹ kò bá ń yọ ìdajì rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣan èyí tí ẹ bá kó láti odò dáadáa, kí ẹ sì yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, torí pé ọmọ lámilámi máa ń lúgọ síbẹ̀, ó sì ń pa ọmọ ẹja jẹ. Anubias, ewéko tí í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, kò nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta, ẹ má rì í mọ́ iyanrìn.

Gíláàsì mi ń di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tàbí oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ẹ máa tan iná rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ péré, kí ẹ sì fi kànrìnkàn tuntun nu gíláàsì.

Ara ẹja mi rí bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n ọn.

Kòkòrò kan ni, ó sì wọ́pọ̀ lára ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Èyí tí ó wà lára ẹja kò ṣeé pa. Yóò jábọ́ sísàlẹ̀, yóò pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja mìíràn ni òògùn ń ràn wọ́n. Iyọ̀ tí kò ní áyódìn ni mo ń lò fún guppy, gíráàmù 2 sí lítà kan, èyí tí í ṣe gíráàmù 90 fún lítà 45. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sì máa yọ́ ọ nínú omi kí ẹ tó dà á sí i láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 14, bí ẹ kò tilẹ̀ rí àmì kankan mọ́ ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ kó ewéko yín jáde, torí iyọ̀ kò bá wọn lára mu.

Gbogbo ẹja mi kú ní alẹ́ kan, omi sì dára. Kí ló pa wọ́n?

Ẹ béèrè ẹni tí ó fín òògùn ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òògùn tí a ń fín sínú yàrá ń pa ẹja kíákíá, ìwọ̀nba díẹ̀ sì tó. Bí pọ́ǹpù bá wà nínú yàrá náà, yóò fa afẹ́fẹ́ olóògùn náà tààrà sínú omi. Àbúrò mi kan fín in sí pálọ̀ mi kí ó tó lọ sùn, kí àlejò lè sinmi; guppy 20 ni mo kó jáde ní òwúrọ̀. Láti ìgbà náà, nẹ́ẹ̀tì ni a ń lò nílé wa.

London ni mò ń gbé. Kí ló yàtọ̀?

Ẹ óò nílò ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, kí omi lè wà ní 24 sí 26. Chloramine ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ omi ń lò dípò chlorine níbẹ̀, kì í sì í fò lọ bí omi bá sùn mọ́jú, nítorí náà ẹ ra òògùn tí ń pa á. Omi London le, ìyẹn ni pé èròjà ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, èyí sì bá guppy lára mu.

Ẹja mi ti pọ̀ jù. Ṣé mo lè dà wọ́n sódò?

Rárá. Guppy tí ó bá wọ odò kò ní tán níbẹ̀ mọ́, ó sì lè kó àrùn ran àwọn onílé. Ẹ fi tọrẹ, tàbí kí ẹ dá wọn padà fún ọlọ́jà.

A fẹ́ lọ sílé fún Kérésìmesì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ta ni yóò fún wọn lóúnjẹ?

Ẹja tí ó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹun. Ewu tí ó wà ju ebi lọ ni aládùúgbò tí ó láàánú. Mo ti bá agolo oúnjẹ kan lófìfo rí, tí omi funfun bí ògì, nítorí pé ọmọ tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún rò pé ebi ń pa wọ́n nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sáré wá síwájú gíláàsì. Nísinsìnyí, mo máa ń pàrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì kí n tó lọ, n óò di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ẹ̀kan sínú pépà kéékèèké mẹ́ta, n óò kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, n óò sì ti agolo mọ́ inú yàrá.